Ta ni ká fa ìkànnì ẹgbẹ́ wa lé lọ́wọ́ kí Ojúde Ọba tó dé?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, torí ó ti ń gba oorun lójú mi.

Èmi ni akọ̀wé regbẹ́regbẹ́ wa. Lọ́dún tó kọjá, a ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ kí àwọn tiwa tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà lè máa rí ohun tí à ń ṣe nílé, kí wọ́n sì rí fọ́tò Ojúde Ọba lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má máa dúró dìgbà tí ẹnì kan bá rántí fi ránṣẹ́. Ọmọkùnrin kan ló bá wa ṣe é. Ó mọ iṣẹ́, ìkànnì náà sì rẹwà. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, a jó kọjá ní pápá tán, gèlè ṣì wà lórí mi, mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà, mo ń gbé fọ́tò sórí ìkànnì látorí fóònù. Mo fi líǹkì rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Kò pé 20 ìṣẹ́jú tí gbogbo ẹ̀ fi kú. Ẹni tó bá ṣí i, ojúewé funfun ló ń bá, pẹ̀lú ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń sọ pé bandwidth wa, ìyẹn iye dátà tí wọ́n gbà wá láyè láti lò lóṣù, ti tán.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tí ìkànnì wà lọ́dọ̀ wọn. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó fèsì sí ímeèlì mi pé ká sanwó sí i. Nígbà tá a wá ní ká kó kúrò níbẹ̀, ìyẹn náà tún di wàhálà, torí orúkọ ìkànnì kò sí lórúkọ ẹgbẹ́.

Alága ti ní kí n wá ibòmíì kí ti ọdún yìí tó dé. Ṣé ti Nàìjíríà ni ká lò, àbí ti òkè-òkun? Èló ló tọ́ ká máa san? Kí sì ni kí n bi wọ́n kí n tó kówó sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe tèmi.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ mà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, ibi tẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ sí sì ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá ilé tuntun, ẹ kọ́kọ́ gba orúkọ yín.

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ẹyọ kan. Orúkọ ìkànnì, ìyẹn domain, ọ̀tọ̀ ni. Hosting, ìyẹn ààyè tí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ yín wà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, ọ̀tọ̀ ni. Bí orúkọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè kó kúrò lọ́dọ̀ onílé hosting nígbàkígbà tó bá wù yín. Ẹ ó kàn júwe ibùgbé tuntun fún orúkọ náà ni, àwọn tó ń wò ó ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ kó. Ṣùgbọ́n bó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ibi tó bá ní kẹ́ ẹ dúró sí náà lẹ máa dúró sí. Ẹ fi ilẹ̀ wò ó. Bí ẹgbẹ́ bá dáwó ra ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó wá jẹ́ orúkọ káfíńtà tó kan òrùlé ló wà lórí rìsíìtì àti ìwé sọ́fè, ta ló nilẹ̀?

Mi ò sọ pé ọmọkùnrin yẹn ní èrò burúkú o. Ọ̀pọ̀ wa nídìí iṣẹ́ yìí la máa ń fi ímeèlì tiwa gba orúkọ fún oníbàárà torí ó yá, oníbàárà náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè. Ẹ fi sùúrù lọ bá a. Bó bá jẹ́ .com, ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, ní ojúewé ìwádìí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀, ẹ ó rí ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn àti ọjọ́ tó máa parí. Bó bá jẹ́ .ng, .com.ng tàbí .org.ng, NiRA ló ń bójú tó ìyẹn nílẹ̀ wa. Kí ọmọkùnrin náà ṣí àgádágodo orí orúkọ náà, kó fún yín ní kóòdù tẹ́ ẹ máa fi gbé e lọ sínú àkáǹtì tiyín. Ẹ má sì fi falẹ̀, torí orúkọ .com tí kò tíì pé 60 ọjọ́ tí wọ́n gbà á, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti ibòmíì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kó tún kúrò.

Ímeèlì tẹ́ ẹ máa fi ṣí àkáǹtì tuntun, kó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí èèyàn méjì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Akọ̀wé a máa yí padà. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí lẹ́tà ìrántí owó ń lọ sínú ímeèlì akọ̀wé tó ti kúrò nípò láti ọdún méjì. Orúkọ wọn kú, wọn ò mọ̀. Fún .com, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti pa orúkọ rẹ́ nítorí owó, 30 ọjọ́ ló kù tí ẹni tó ni ín fi lè rà á padà, owó ìràpadà náà sì máa ń le. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ọjọ́ 5 péré, ó di ti ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà á.

Tíṣà Ṣágámù

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Ọmọ Ìpẹru sọ. Èmi fẹ́ sọ ohun tó pa ìkànnì yín lọ́jọ́ yẹn, torí bẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, á tẹ̀ lé yín dé ilé tuntun. Fọ́tò mélòó lẹ gbé sójúewé yẹn mà?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bí 30 ni sà. Bí mo ṣe yà wọ́n lórí fóònù náà ni mo ṣe gbé wọn.

Tíṣà Ṣágámù

Ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fọ́tò kan láti orí fóònù òde òní lè tó 6MB. Ọgbọ̀n nínú rẹ̀ jẹ́ 180MB. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo tó ṣí ojúewé yẹn tó wò ó dópin, 180MB ló fà lọ́wọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì yín wà lórí rẹ̀. Bí ètò tẹ́ ẹ rà bá jẹ́ 20GB lóṣù, èèyàn 111 ti jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí àbúrò, tí àbúrò ń fi ránṣẹ́ sí àna.

Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dín fọ́tò kù kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,600 pixel, á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 300KB, ẹni tó ń fi fóònù wò ó ò sì ní mọ̀yàtọ̀. Ọgbọ̀n nínú irú rẹ̀ jẹ́ 9MB. Èèyàn 1,000 á wò ó, 9GB ni wọ́n á jẹ. Sáfà kan náà, owó kan náà. Dátà àwọn tó ń wò ó náà ò sì ní ṣòfò. Áàpù tó ń dín fọ́tò kù pọ̀ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Mo kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 mi, wọn ò lò ju ìdajì wákàtí lọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Nípa irú ààyè tẹ́ ẹ máa rà: èyí tó wọ́pọ̀ tó sì rọjú jù, tí wọ́n ń pè ní shared, ilé face-me-I-face-you ni. Mítà kan, ẹnu ẹ̀rọ omi kan, ilé ìdáná kan. Bí ará yàrá kejì bá ń fi sítóòfù oníná dáná tọ̀sán-tòru, iná yàrá tiyín náà ló máa ṣe bàìbàì. VPS dà bíi mìní fúláàtì. Ẹ jọ wà nínú ọgbà kan ni, ṣùgbọ́n ẹ ní mítà tiyín. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa máa tún un ṣe, àfi bẹ́ ẹ bá sanwó fún ẹni tí á máa bá yín ṣe é. Èyí tó jẹ́ odindi sáfà fún ẹnì kan, ẹgbẹ́ ò nílò ẹ̀.

Ní tèmi o, shared tó dáa tó yín, bó bá jẹ́ pé ẹ lè gòkè sí ètò tó tóbi lọ́sẹ̀ Iléyá, kẹ́ ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìbéèrè kìíní tẹ́ ẹ máa bi wọ́n.

Ìyá Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ pípé. Gàrí Ìjẹ̀bú ni mò ń tà, ìkànnì tí ọmọ mi ṣe fún mi sì ń bá mi tà á dé Àbújá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó.

Dọ́là 60 lọ́dún là ń san lọ́dọ̀ àwọn ará òkè-òkun. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là ní báńkì kò tíì pé 500 náírà, 60 yẹn kò tó 30,000. Báńkì ìjọba àpapọ̀ wá tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà yẹn. Nígbà tí 2024 fi máa wọlé dáadáa, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà, 60 kan náà ti di 90,000. Ìkànnì ò yí padà, iye gàrí tó ń bá mi tà ò yí padà, owó rẹ̀ ló di ìlọ́po mẹ́ta.

Ti káàdì tún wà níbẹ̀. Bí 2022 ṣe ń parí lọ, ọ̀pọ̀ báńkì ní káàdì náírà ò ní lè sanwó òkè-òkun mọ́. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan ní Kánádà ló ń bá wa san án. Bí ọjọ́ owó bá ti ń sún mọ́lé, tí ọ̀rẹ́ náà ò sì gbé fóònù, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti kó sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba náírà. Mò ń fi fóònù mi sanwó fúnra mi, wọ́n sì ń fún mi ní rìsíìtì.

Ẹyọ kan péré ló kù. Owó ọdún kìíní ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà. Owó àtúnsan, ìyẹn ti ọdún kejì, nísàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti rí wínníwínní ló máa ń wà. Kẹ́ ẹ wọ awò yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Tèmi fò láti owó kan sí ìlọ́po méjì ní ọdún kejì lọ́dọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́, kí ti dọ́là tiẹ̀ tó dé.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Mo kí Màmá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmuṣin ni mí, mo ti pẹ́ níbí. Ẹ má bínú, èmi ò lè gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó lọ sọ́dọ̀ ti ilé láìwádìí. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa gbé ìkànnì fún ilé-iṣẹ́ kan nílé lọ́jọ́ kan. Ọdún kejì, wọ́n pòórá. Nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́, ímeèlì ń padà wá. Gbogbo àkọsílẹ̀ ìpàdé wa látọdún pípẹ́ bá a lọ. Àwọn tibí, iná kì í sábà lọ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá wọn ṣe, ẹ lè ka ohun tí àwọn tó ń lò ó ń sọ. Àwa tó wà lẹ́yìn odi la sì ń wo fọ́tò náà jù.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí fún yín. Ẹjọ́ ẹni tó pòórá ni, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó dúró ṣinṣin ló wà nílé. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wo ọ́fíìsì tó ṣeé yà sí, ẹ wò ó bóyá NiRA fọwọ́ sí wọn láti máa ta orúkọ .ng. Ìyẹn á ti yọ àwọn onílé paálí kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ ni pé gbígba náírà kò sọ pé sáfà wà ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ààyè ní Jámánì, Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, tí wọ́n pín in wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tà fún wa. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ìlú wo ni sáfà náà wà gan-an, torí ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn? Owó ò wọlé, owó ò jáde ní ọ̀pọ̀ báńkì. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìkànnì tí sáfà rẹ̀ wà l'Ékòó ṣì lè dé ọ̀dọ̀ àwa tá a wà nílé, torí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wa ní ibi tí wọ́n ti ń pàrọ̀ láàárín ara wọn, IXPN, láìgba òkun kọjá. Èyí tó wà ní Jámánì, ọ̀nà rẹ̀ lè dí tàbí kó máa fà.

Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ tó ní èèyàn ní Òkè-Ajé, tó ní ní Houston, ẹ má jẹ́ ká fi èyí jà. Cloudflare ní ètò ọ̀fẹ́ kan. Ẹ gbé e síwájú ìkànnì yín, á máa tọ́jú ẹ̀dà fọ́tò yín sí ìlú púpọ̀ káàkiri ayé, Èkó wà nínú wọn. Ẹni tó wà ní Houston á gbà á nítòsí rẹ̀, ẹni tó wà nílé á gbà á l'Ékòó. Èyí tó bá sì ti gbà lọ́dọ̀ Cloudflare, kò kàn bandwidth yín mọ́. Bó bá ti wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni, bóyá ìkànnì yín ò ní kú.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Mi ò mọ ti Cloudflare yẹn tẹ́lẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí Akọ̀wé wádìí ilé-iṣẹ́ náà dáadáa o, ẹ jọ̀ọ́.

Alhaja Aṣọ Òkè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ gbọ́ bí èmi ṣe yan tèmi. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé. Ní aago 11 alẹ́ Sátidé, mo kọ ìbéèrè kan náà sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: «Bí ìkànnì mi bá kọjá iye tí mo san fún lóru ọjọ́ Àìkú, ṣé ẹ máa tì í ni, àbí ẹ máa jẹ́ kó máa lọ kẹ́ ẹ tó bá mi sọ ti owó?» Ọ̀kan dáhùn lẹ́yìn 14 ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin kan ni, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó ní àwọn máa kìlọ̀ fún mi tó bá ku díẹ̀, àwọn ò ní tì í lóru, ó sì fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú àdéhùn wọn hàn mí. Èkejì fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tó ń dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ Túsìdeè ni mo gbúròó wọn.

Mo sanwó fún ti àkọ́kọ́. Ọdún kẹta rèé. Bí ẹ bá fẹ́ dán wọn wò, ẹ ṣe é lọ́jọ́ ìsinmi, torí ọjọ́ ìsinmi ni Iléyá ń bọ́ sí.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ẹgbẹ́ ò kàn lo Facebook? Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í tán.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àbúrò mi, a wà lórí Facebook, a ò sì ní kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ gbìyànjú kó o wá fọ́tò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lójú ewé ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, kó o wo bí ọwọ́ á ṣe ro ẹ́ tó. Ọ̀kan nínú àwọn màmá tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ ti di olóògbé. Fọ́tò kan ṣoṣo la ní tí wọ́n ti wọ sányán lọ sí Ojúde Ọba. Èyí tó wà nílé wọn ti bá òjò lọ, orí ìkànnì wa nìkan ló kù sí. A fẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn lè rí i, kó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kó má jẹ́ ohun tí ìròyìn tuntun ń bò mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Tíṣà Ṣágámù

Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021 náà ṣì wà lọ́kàn mi. Facebook, WhatsApp àti Instagram jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi wákàtí 6. Ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ wà níbẹ̀ ò rí ibì kankan sọ fún oníbàárà pé òun ṣì wà láyé.

Akọ̀wé Ìjọ (Ìkẹnnẹ́)

Akọ̀wé, ẹ dákun, lórí fọ́tò màmá yẹn. Ẹ má sùn lónìí láìwá ẹ̀dà rẹ̀. Mo ń fi ohun tójú mi rí sọ̀rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí ìkànnì ìjọ wa wà lọ́dọ̀ wọn kọ ọ́ gbangba pé àwọn ń ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, lójoojúmọ́. A fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan jí ọ̀rọ̀ aṣínà wa, ó wọlé, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. A kọ̀wé, a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi fáìlì zip kan ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wo ìwọ̀n rẹ̀: byte 22. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé byte 22 gan-an ni àpò zip tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ máa ń wọ̀n. Ẹ̀rọ wọn ti ń di àpò òfo lálaalẹ́, fún oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó ṣí i wò rí. Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ọdún mẹ́ta lọ síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń tún un kọ láti inú ìwé àwọn òbí.

Ẹ má sì sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, iná jó ilé sáfà OVHcloud ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé, odindi ilé kan nínú ọgbà náà jó kanlẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ inú ọgbà kan náà ni ẹ̀dà wọn wà. Sáfà jó, ẹ̀dà jó.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: lọ́jọ́ kìíní oṣù, mo wọ cPanel, ìyẹn ojúewé tá a fi ń darí hosting wa, mo gbé ẹ̀dà fáìlì àti ti database wálẹ̀, torí fáìlì nìkan ò tó bó bá jẹ́ WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ìkànnì, lẹ ń lò. Inú database ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ wà. Mo dà á sórí fláàṣì méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn. Lẹ́yìn náà mo ṣí i, mo mú fọ́tò kan níbẹ̀, mo wò ó kó hàn lójú mi. Ìgbà yẹn ni mo tó máa ń pa kọ̀ǹpútà.

Lọ́yà (Ìlíṣàn)

Kíákíá ni tèmi. Mo mọ̀ pé regbẹ́regbẹ́ máa ń ní ìwé tí ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ọmọ ẹgbẹ́ wà. Ẹ má gbé e sójú táyé. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fi ẹrù náà lé ẹni tó kó dátà jọ lórí, ẹ̀yin nìyẹn. Bó bá di dandan kó wà lórí sáfà, ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà pé ta ló lè ṣí i lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sínú ìwé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti gbé fọ́tò màmá wá sórí fóònù mi lálẹ́ àná, torí ìkànnì ti jí padà látìgbà tí oṣù tí bandwidth tán yẹn ti yí. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ilé-iṣẹ́ kan ní «unlimited» ni gbogbo nǹkan. Òmíràn ní àwọn máa wà lójúfò ní ìdá 99.9 nínú 100. Ẹ̀kẹta fẹ́ gba owó ọ̀tọ̀ fún àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì. Kí ni kí n gbà gbọ́?

Ọmọ Ìpẹru

Kò sí sáfà tí kò lópin, mà. Ẹ ka ìwé àdéhùn wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ inode tàbí «fair use», ìyẹn òpin tí wọ́n fi sí ìlò yín. Inode ni iye fáìlì tí wọ́n gbà yín láyè. Fọ́tò kan lórí WordPress máa ń di márùn-ún, mẹ́fà, torí ó máa ń gé e sí oríṣiríṣi ìwọ̀n, nítorí náà iye fáìlì lè kún kí ààyè tó kún.

Ìdá 99.9 túmọ̀ sí pé ó lè lọ fún ìṣẹ́jú 43 lóṣù, kí wọ́n má sì jẹ yín ní gbèsè. Ìdá 99 ńkọ́? Ó lé ní wákàtí 7. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ kékeré yẹn ṣe rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa fi san án fún yín ni kẹ́ ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ìgbà, owó díẹ̀ ni wọ́n máa yọ nínú ti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ sì máa béèrè fún un.

Àgádágodo yẹn, SSL, tó ń dáàbò bo ohun tó ń lọ láàárín ìkànnì àti ẹni tó ń wò ó, ẹ má sanwó fún un. Let's Encrypt ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ilé-iṣẹ́ tó dáa á ti so ó mọ́ ètò wọn, á sì máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ó pọn dandan kó wà o. Láti oṣù keje 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ sí iwájú ìkànnì tí kò ní in pé kò láàbò.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa kó, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù dé ilé tuntun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ tó yí nameserver, ìyẹn ohun tó ń júwe ibùgbé ìkànnì fún ayé, padà. Ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì kí gbogbo ayé tó mọ ọ̀nà tuntun. Láàárín ìyẹn, ẹ má pa ti àtijọ́. Ímeèlì ẹgbẹ́ tó bá wà níbẹ̀ náà, ẹ kó o kúrò, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé síbí, mo ní kí n wá jíyìn.

Ọmọkùnrin tó ṣe ìkànnì ò bá wa jà rárá. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ń dùn wá. Ó fún wa ní kóòdù lọ́jọ́ kejì, orúkọ ti wà lórúkọ ẹgbẹ́, èmi àti akápò la mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo ṣe bí Alhaja ṣe wí, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni mo kọ̀wé sí lálẹ́ Sátidé. Méjì dáhùn. Mo bi àwọn méjèèjì ní owó ọdún kejì, ọ̀kan ò fẹ́ sọ. Èkejì ni mo mú: náírà ni wọ́n ń gbà, owó ọdún kìíní àti ti èkejì bára mu, wọ́n sọ fún mi tààrà pé Ìlú Ọba ni sáfà wọn wà. Cloudflare ti wà níwájú rẹ̀. Bí nameserver ṣe yí padà, àwọn ará Ìlú Ọba rí ti tuntun lọ́jọ́ náà, èmi tó wà nílé, ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Àyà mi já díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé Ọmọ Ìpẹru ti sọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣí ojúewé fọ́tò ní aago 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mì.

Akọ̀wé Ìjọ (Ìkẹnnẹ́)

Ẹ kú oríire o. Ẹ̀dà ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣí i wò?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo ṣí i lánàá lórí kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Fọ́tò 412 ló wà nínú rẹ̀. Màmá wà níbẹ̀, pẹ̀lú sányán lára wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.